Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìyàwó àti Ọmọ Pààrọ̀ Ẹtù

Láàárọ̀ àná ni mo bi obìnrin tó ń ta ẹyẹ ẹtù ní ìtòsí ilé wa ní Banifandou, ní Niamey, pé èló ni ẹyọ kan. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé gbogbo ohun tó wà nínú àgò ló ń dá iye lé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí ṣílè ṣì ń jẹ́ ṣílè, owó yẹn ìbá gbé mi láti Ìbàdàn dé Kano nínú ọkọ̀ ojú irin, ìbá sì tún gbé mi padà, kí n máa jẹ ìrẹsì àti ẹran ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Ẹtù kan ṣoṣo ni mo fi ọwọ́ ara mi rà láyé mi. Mi ò rà á wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo rà á ni ọjọ́ kan tó kọ̀ láti jáde lọ́kàn mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí.

Àwọn ọdún tí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ ní Niamey ni. Kò sí ògiri tí wọn kò lẹ àwòrán ẹnì kan mọ́. Rédíò ń jà láti àárọ̀ títí bátìrì yóò fi kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń retí owó oṣù wọn bí àwa yòókù ṣe ń retí òjò. Èmi ní tèmi, ọ́fíìsì àwọn àjèjì kan ní àdúgbò Plateau ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀, láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, wọ́n sì ń san owó mi lásìkò. Àríkẹ́ ìyàwó mi ń rán aṣọ nínú ilé. Ọmọ méjì la bí: Dúpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Ṣẹ́gun, ọmọ ọdún márùn-ún. Niamey la bí wọn sí. Faransé ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, Zarma ni wọ́n fi ń ṣeré níta. Yorùbá tiwọn, inú ilé nìkan ló ń gbé, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà ní "ẹ".

Kò sí ohun tó yẹ kó mú mi jowú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ní aládùúgbò.

Alájì Sàká ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìlọrin, táyà ló ń tà. Ilé rẹ̀ àti tiwa kọjú síra wọn. Yàtọ̀ sí ilé kéwú, kò lọ ilé ìwé kankan, Faransé rẹ̀ sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Síbẹ̀, bó bá ti ń bọ̀ láti ọjà, àwọn ọmọ mi á ti sáré pàdé rẹ̀ kí àwọn ọmọ tirẹ̀ tó rí i, nítorí dàbínù kì í wọ́n lápò rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ níwájú ilé, Àríkẹ́ á rẹ́rìn-ín títí á fi di ògiri mú. Bí èmi bá sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín nínú ilé, àní èyí tó pa àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́rìn-ín ní yunifásítì, á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Dúpẹ́," bí ẹni tí mo fún ní ṣéńjì.

Lọ́jọ́ kan, Ṣẹ́gun wá dúró ti àga mi.

"Papa, ìgbà wo ni ìwọ máa di Alájì?"

"Ìgbà tí mo bá lọ sí Mẹ́kà."

"Alájì Sàká ti lọ. Ó tún máa ń wọ rélùwéè lọ síbi tí òkun wà. Ìwọ, ibo lo ti lọ?"

Èmi! Èmi tí mo ti ń wọ rélùwéè nígbà tí Alájì ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ ihò táyà! Òótọ́ ni pé ní gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, Alájì máa ń kó àwọn ará ilé rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Parakou, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní Kútọnu. Bí wọ́n bá dé, oṣù méjì gbáko ni àwọn ọmọ mi fi máa ń gbọ́ ìtàn ìrìn àjò ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kéde pé àwa náà ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ ojú irin. Mo ní kó tó gbéra, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fun fèrè: èkíní láti kìlọ̀, èkejì láti pe àwọn tó wà nílẹ̀, ẹ̀kẹta ló ń lọ. Mo ní kí wọ́n kà á sórí. Àríkẹ́ bi mí bóyá kí òun se nǹkan dání. Mo ní, "Àríkẹ́, rélùwéè la fẹ́ wọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn lọ́rì. Wọ́n máa ń fi abọ́ tánganran gbé oúnjẹ wá bá èèyàn níbi tó jókòó." Sàdíìnì alágolo mẹ́fà, búrẹ́dì gígùn mẹ́ta àti ìwé ńlá kan nípa ẹranko, èyí tí mo fẹ́ máa kà fún àwọn ọmọ lójú ọ̀nà, ni mo kó dání. Mo sì fara balẹ̀ yan ọ̀sẹ̀ tí mo mọ̀ pé Alájì kò tíì ní lọ.

A wọ bọ́ọ̀sì, a gba Gaya kọjá odò, a sùn ní Parakou. Nígbà tí a dé ibùdó rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ta ni mo rí lórí ẹní, pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

"Akọ̀wé!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè mí. "Àlùhámúdù! Mo gbọ́ pé ẹ ń lọ, ni mo bá sọ fún àwọn ará ilé mi pé ká tètè gbéra, kí ìrìn àjò lè dùn."

Kí n tó dá a lóhùn, ọwọ́ mi méjèèjì ti ṣófo. Àwọn ọmọ ti wà lórí ẹní.

Ìyá Múnírà, ìyáálé rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ méjì. Ìyàwó kékeré kò sí níbẹ̀. Alájì ṣàlàyé fún mi pé ibà ká àbíkẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì dúró nílé ìbátan kan ní Parakou pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ̀ lé wọn bí ara ọmọ bá yá. Tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé, ìwé kan ṣoṣo, ló ti rà sílẹ̀: ọkùnrin kan, obìnrin méjì, ọmọ mẹ́rin. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ojú mi wà lára Ṣẹ́gun, tó ti ń jẹ dàbínù.

Ọkọ̀ gbéra. Àga rẹ̀ le bí pákó ìfọṣọ. Mo ṣí ìwé ẹranko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mi ò tíì kúrò lórí erin tí Dúpẹ́ fi ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan lọ́dọ̀ Múnírà. Nígbà tí mo dé orí ẹfọ̀n, Ṣẹ́gun náà ti tẹ̀ lé e. Mo ka ti kìnnìún fún Àríkẹ́, ó sì ti sùn. Nígbà tí ebi dé, mo mú sàdíìnì jáde. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i kán mọ́ mi lọ́wọ́ níbi àkọ́kọ́. Mo fi bíírò gún èkejì, òróró rẹ̀ sì dà sórí ṣòkòtò mi funfun láti orúnkún dé ibi tí ń kò lè dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, Ìyá Múnírà ti ṣí àwo ńlá: mọ́ín-mọ́ín eléwé àti ẹja díndín. Gbogbo kọ́ọ̀ṣì ló gba òórùn rẹ̀ sínú. Àríkẹ́ jí.

"Bàbá Dúpẹ́," ó ní, "àwọn tó ń fi abọ́ tánganran gbé oúnjẹ wá dà?"

"Ó ku díẹ̀," mo ní.

Ọ̀gá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìpẹ̀kun kejì kọ́ọ̀ṣì, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin gígùn kan ni, irun imú rẹ̀ ti ń funfun, kì í rẹ́rìn-ín, Faransé gidi ló ń sọ. Ó rí obìnrin kan tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó ní ọkọ òun ló ní in lọ́wọ́ ní kọ́ọ̀ṣì mìíràn. Kò gbọ́. Ibùdó tó tẹ̀ lé e ló já a sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Èmi fọwọ́ kan àpò àyà mi, mo gbọ́ ìró tíkẹ́ẹ̀tì wa, ìwé kan fún èèyàn mẹ́rin, inú mi sì dùn pé ó kéré tán, nǹkan kan wà tí èmi bójú tó.

Bí a ṣe dé Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ èdè wa, àwọn ọlọ́jà rọ́ dé ojú fèrèsé, ariwo sì ta. Àgbà obìnrin kan gbé àgò ẹtù sórí. Ṣẹ́gun yọ orí síta láti orí itan Alájì.

"Ẹyẹ alámì tótòtó! Mo fẹ́ ẹ! Mo fẹ́ ẹ!"

Alájì rẹ́rìn-ín. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sí àpò.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ó ti fún wọn ní dàbínù. Ó ti fún wọn ní mọ́ín-mọ́ín. Ó ti fún wọn ní àgbàdo sísè. Bó bá tún ra ẹtù yẹn, kí ló kù fún mi láti fi jẹ́ bàbá? Mo fò dìde bí ẹni tí èèrà ta. "Alájì, ẹ fi sílẹ̀! Èmi ni bàbá rẹ̀!" Mo bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin náà pe iye kan, mo dá ìdajì. Ó bi mí bóyá àlá ni mo ti wá ra ẹtù. Mo ní ẹtù rẹ̀ rù. Ó ní kí n wo ara mi kí n tó bú ẹyẹ. Ó pẹ́ tí mo ti dúnàá dúrà ní èdè mi láìjẹ́ pé mo ń ronú nípa Faransé, ó sì dùn mọ́ mi. Ọkọ̀ fun fèrè.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ yín ń lọ o," obìnrin náà ní.

"Ìkíní nìyẹn," mo ní, "ìkìlọ̀ lásán ni. Ó ku méjì."

Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fun níbẹ̀.

Nígbà tí mo sanwó gba ẹtù tán, tí mo bojú wẹ̀yìn, kọ́ọ̀ṣì tó gbẹ̀yìn ló ń kọjá lọ. Mo sáré. Bàtà mi kan bọ́, mo padà lọ mú un, àṣìṣe kejì nìyẹn. Ohun tí mo rí gbẹ̀yìn ni orí Dúpẹ́ ní fèrèsé, tó ń na ìka mẹ́ta sí mi tó sì ń sunkún: fèrè mẹ́ta tí mo ní kó kà sórí.

Tíkẹ́ẹ̀tì wà lápò mi. Ẹtù wà lábẹ́ abíyá mi. Ìyàwó àti ọmọ mi ti lọ pẹ̀lú Alájì.

Ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò gbà láti lé ọkọ̀ náà dé Dasà. "Kí lẹ gbàgbé sínú rẹ̀?" ó bi mí. Mo sọ fún un. Ó wo ẹtù, ó wo mí, ó ní, "Ẹ yáa di ti ọwọ́ yín yìí mú dáadáa." A gbéra nínú erùpẹ̀ pupa. Ẹtù ń ké, ó ń fi ìyẹ́ gbá ọlọ́kọ̀ ní etí, ọlọ́kọ̀ ń bú u, ó sì ń bú èmi náà. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù jàǹbá ló bà mí? Rárá o. Ohun tó ń jó mi nínú ni pé mo mọ ẹni tó ń ṣìpẹ̀ fún àwọn ọmọ mi ní wákàtí yẹn. Mo mọ ẹni tí Àríkẹ́ ń wò lójú. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ má sunkún mọ́, Alájì yín wà níbí." Mo bẹ Ọlọ́run, kó dárí jì mí, pé kí wọ́n ṣì máa sunkún nígbà tí mo bá dé.

A bá ọkọ̀ náà ní Dasà. Mo wọ kọ́ọ̀ṣì wa, erùpẹ̀ bò mí dé ìpéǹpéjú, òróró sàdíìnì wà níwájú ṣòkòtò mi, ẹtù wà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò sunkún. Ṣẹ́gun wà lórí itan Alájì. Àríkẹ́ jókòó sí àárín Alájì àti Ìyá Múnírà, ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì sì dúró lórí wọn, ó ń ka iye wọn pẹ̀lú ìka.

"Àríkẹ́!" mo ké.

Ìyàwó mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹtù, ó sì yí ojú sí fèrèsé bí ẹni tí alágbe yọ lẹ́nu. Dúpẹ́ la ẹnu, ó ní, "Pa…" Ìyá Múnírà fi àgbàdo dí i.

Alájì kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kejì. Yorùbá kíákíá ló sọ, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń kí àlejò. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìrìn o! Ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn wọ̀nyí wà lápò ọkùnrin kan tó lọ ra ẹtù. Ọ̀gá yìí fẹ́ já wọn sílẹ̀ bíi ti obìnrin àárọ̀. Àyè obìnrin kan àti ọmọ méjì ṣófo lórí ìwé mi, mo fi wọ́n sí i. Ìyàwó mi ni títí a ó fi dé Kútọnu. Bí ẹ bá pè é ní tiyín, gbogbo wa la ó jọ sọ̀kalẹ̀ sínú igbó."

Ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì kọjú sí mi. "Mọ́síọ̀," ó ní ní Faransé, "ẹ mọ obìnrin yìí?"

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun. Mo wá ọ̀rọ̀ títí. "Rárá," mo ní. "Ó jọ ẹnì kan ni."

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

Mo mú un jáde. Ó wò ó. Ó wo ẹ̀yìn mi.

"Èèyàn mẹ́rin ló wà níbí. Mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n… wọ́n kù sí Ṣábẹ̀ẹ́."

"Àwọn wo?"

"Ìyàwó mi àti ọmọ méjì."

"Ẹ fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀," ó rọra sọ ọ́, "ẹ wá mú ẹtù."

"Ọmọ ló fẹ́ ẹ."

"Èwo nínú àwọn ọmọ náà? Èyí tó kù sí Ṣábẹ̀ẹ́?"

Gbogbo kọ́ọ̀ṣì ló ti ń gbọ́ wa. Alájì rí i pé mo fẹ́ rì, ó sì gbìyànjú láti dá sí i pẹ̀lú Faransé tirẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ó tilẹ̀ tún bà á jẹ́ sí i. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Mọ́síọ̀ ẹlẹ́tù, ó dà bí ẹni pé ẹ gbọ́ èdè wọn, ẹ sì gbọ́ Faransé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi túmọ̀. Ẹ bi í bóyá òótọ́ ni pé obìnrin yìí ni ìyàwó rẹ̀ kejì."

Mo ti túmọ̀ ìjà àwọn ọ̀gá ńlá. Mo ti túmọ̀ irọ́ tó pọ̀ ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Mo bi Alájì ní Yorùbá.

"Ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni," Alájì ní, kò sì lè wò mí lójú.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni," mo sọ ní Faransé. "Ó ní… ìyàwó òun kejì ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe pàdé?"

Ìyá Múnírà ló gbà á lẹ́nu Alájì, ó gbádùn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹran. "Ẹ sọ fún un pé èmi gan-an ni mo fẹ́ ẹ fún ọkọ mi. Kò mọ ọbẹ̀ sè nígbà tó dé, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ọkùnrin kan ló wà tẹ́lẹ̀. Ìwé ni ọkùnrin yẹn máa ń gbé lé àyà sùn, ó sì máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ."

Àríkẹ́ fa ìborùn bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó di ògiri kọ́ọ̀ṣì mú. Mo túmọ̀ ti ọbẹ̀. Ìyókù, mo gbé e mì.

Ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ṣẹ́gun. "Ọmọ, bàbá ẹ dà?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ìṣẹ́jú yẹn ṣe gùn tó. Bó bá na ìka sí mi, gbogbo wa ti wọ wàhálà. Bó bá nà án sí Alájì, ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọdún méjì ti ṣẹ níwájú gbogbo kọ́ọ̀ṣì. Èwo ni mo ń tọrọ? Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo ń tọrọ wàhálà.

Ọmọ mi wò mí. Ó wo ẹtù tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti Ṣábẹ̀ẹ́. Ó yíjú, ó gbé ọwọ́ mọ́ Alájì lọ́rùn. "Òun nìyí," ó ní.

"Ó dára," ọ̀gá ní, ó sì lọ.

Mo lọ jókòó sí àga òdìkejì bí àlejò, nítorí ọkùnrin náà ń padà wá lẹ́yìn gbogbo ibùdó. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo ìyàwó mi. Alájì ní, "Ìyàwó, bu oúnjẹ fún ẹlẹ́tù yẹn, ebi ń pa á." Àríkẹ́ kúnlẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ dáadáa, kó tó gbé àwo. Èmi ni mo sọ fún un lọ́dún tí a ṣègbéyàwó pé mi ò fẹ́ kí ó máa kúnlẹ̀ fún mi, pé ọ̀làjú ni mí. Mi ò mọ̀ pé kò tíì gbàgbé rẹ̀. Mo jẹ mọ́ín-mọ́ín náà, ó dùn, èyí sì tún bí mi nínú.

Ìyá Múnírà wá gba àwo lọ́wọ́ mi. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ má bínú sí Alájì. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Ìpín àwọn tó wà ní Parakou lẹ jẹ yẹn. Ara ọmọ yẹn gbóná gan-an nígbà tí a fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ní ká máa lọ, kí àwọn yòókù má baà ṣàìrí òkun. Àwọn ọmọ yín ló ń mú un rẹ́rìn-ín."

Mo wo Alájì, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti kọjú sí fèrèsé, kì í ṣe síwájú níbi tí òkun wà, ẹ̀yìn ló ń wò, ọ̀nà Parakou. Tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò dàbínù ti ṣófo. Ọkùnrin náà ti sọ fún mi ní ibùdó pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, èmi sì ń ka iye dàbínù tó fún Ṣẹ́gun.

Díẹ̀ sí i, nǹkan kan fà mí láṣọ. Ṣẹ́gun ni. Ó gun orí itan mi, ó fi ẹnu sí mi létí. "Papa, ṣé mo parọ́ dáadáa?"

"O parọ́ dáadáa."

"Màmá ní bí mo bá sọ òótọ́ wọ́n máa já wa sílẹ̀, ìwọ ò sì ní rí wa mọ́. Mo fẹ́ kí o rí wa."

Ó gbé orí lé àyà mi, lórí erùpẹ̀ àti òróró sàdíìnì, ó sì sùn. Ẹtù sùn pẹ̀lú. Èmi nìkan ni mi ò sùn.

Ní Kútọnu, ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gba ti Alájì, ó ka orí wọn, ó jẹ́ kí wọ́n kọjá, pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọ mi. Nígbà tó kàn mí, ó mú ìwé èèyàn mẹ́rin náà, ó wò ó, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tó já gaara, Yorùbá àwọn ará Kétu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ògbufọ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ yín. Ibì kan ṣoṣo lẹ fò: ibi tí ìyáálé ti ní ọkọ àárọ̀ máa ń hanrun." Ó ya tíkẹ́ẹ̀tì. "Ẹ yára tẹ̀ lé ìyàwó yín. Irú ìyẹn kì í dúró de ẹlẹ́tù lẹ́ẹ̀mejì."

Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín! Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti Dasà.

Ara ọmọ Parakou yá. Lọ́jọ́ kẹrin, òun àti ìyá rẹ̀ wá bá wa ní Kútọnu, èmi ni mo sì lọ pàdé wọn ní ibùdó, èmi ni mo gbé ọmọ náà sọ́rùn. Ṣẹ́gun rí i láti ọ̀ọ́kán, ó sì jowú títí di alẹ́. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Owú a máa jẹ́ kí èèyàn ka iye ohun tí ẹlòmíràn ń fún ọmọ rẹ̀, kó má sì rí ohun tó ń dun ẹni náà. Èkejì ni pé kí èèyàn béèrè iye fèrè tí wọ́n ń fun níbi tó bá dé.

Nínú àwa tí a wà nínú kọ́ọ̀ṣì yẹn, ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì á ti kú, bí mo bá wo irun imú rẹ̀ nígbà náà. Ìyá Múnírà wà ní Ìlọrin, ojú rẹ̀ ti bà jẹ́, ẹnu rẹ̀ kò bà jẹ́. Bó bá pe Àríkẹ́ lórí fóònù, "Ìyàwó kékeré, ṣé ọkọ ẹ àárọ̀ ṣì ń hanrun?" ló fi ń kí i. Ìyàwó kékeré gan-an wà ní Parakou, ọmọ tí ibà mú sì ti ní ọmọ mẹ́ta. Ẹtù lo ọdún mẹ́rin ní àgbàlá wa, Ṣẹ́gun sọ ọ́ ní Alájì, ikú ara rẹ̀ ló kú nítorí kò sẹ́ni tó lè pa á. Dúpẹ́ wà ní Dosso, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Àríkẹ́ wà ní yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ń bi mí kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Alájì Sàká ti lọ. Ìta Niamey níbí la sin ín sí, èmi sì wà lára àwọn tó da erùpẹ̀ sí i.

Ṣẹ́gun ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu báyìí. Bó bá wá sí Niamey, kó tó wá kí mi, ojú oórì Alájì ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Mo máa ń jókòó níwájú ilé, màá máa wo aago, màá máa ka ìṣẹ́jú tó ń lò lọ́hùn-ún. Bó bá dé, á bá mi níbẹ̀ tí mo ti fajú ro, ọmọ ńlá náà á wá fi ẹnu sí mi létí, "Papa, mo fẹ́ kí o rí mi." Àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.